Ọ̀nà Tí Kàká Ń Tọ̀ Wá sí Ìlọrin

Bí ẹ bá bi mí pé ta ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jù, n kò ní í fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìyá ìyá mi ni, Kàká, tó máa ń bá àwọn oníṣòwò kánún rìn láti ilẹ̀ Haúsá wá sí Ìlọrin ní gbogbo ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló máa ń wà, á sì máa bú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọ̀hún bọ̀ lọ́nà. Bó bá ti rí mi, á bá mi ṣeré bí àwọn ìyá àgbà ilẹ̀ wọn ti í bá ọmọọmọ ṣe, á ní, "Orogún mi, o ò tíì kú?" Èmi náà á ní mo ń dúró kí ó kọ́kọ́ lọ ni. Háà, ẹnu mi!

Bàbá mi ló ń gba àwọn oníṣòwò náà sílé. Ọ̀nà wọn kì í ṣe ti ẹnì kan. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló ń kó igi àti ìṣó wá fún afárá, àwọn oníṣòwò ló ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́, àwọn onílé bíi bàbá mi ló sì ń kó ẹrẹ̀ kúrò nínú kànga tó wà lọ́nà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, bàbá mi kì í yé sọ ọ́. Ọdún tí wọ́n ń ṣe afárá odò kan nítòsí ìlú, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ń se oúnjẹ fún wọn. Odò yẹn ló ń ba Kàká lẹ́rù, ìyá mi sì ń rò ó pé lọ́jọ́ kan, ẹ̀rù ò ní jẹ́ kó wá mọ́.

Obìnrin àgbà kì í dá rìn nígbà yẹn. Màdúgù, ìyẹn olórí àwọn èrò, ló máa ń lọ gbà á lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tó bá sì dé Ìlọrin, á fi lé ìyá mi lọ́wọ́, á ní, "Àmánà rẹ rèé, ẹni tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi." Láìsí màdúgù, Kàká kì í jáde.

Ọkọ̀ ojúurin wá dé. Inú wa dùn, kí n má purọ́. Àwọn oníṣòwò gbé ẹrù wọn sínú ọkọ̀, ìjọba kó igi àti ìṣó lọ síbẹ̀, àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó náà tẹ̀ lé wọn. Ó wá ku bàbá mi nìkan pẹ̀lú kànga. Àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò bá ní, àbí irọ́ ni? Ẹrẹ̀ kún kànga, afárá jẹrà. Wàláì, inú ṣì ń bí mi sí gbogbo wọn títí dòní. Wọ́n jọ tún ọ̀nà ṣe, wọ́n sì jọ pa á tì, ẹnikẹ́ni ò bi wá léèrè.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn, ìyá mi gbé fùrá oníwàrà sínú igbá, oúnjẹ tí Kàká fẹ́ràn jù, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ibùdókọ̀ ojúurin. Ọkọ̀ dúró, èrò sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi lọ bá ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni màdúgù yín? Ìyá mi ni mo wá gbà."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, ẹni tó bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ló ń wọ̀ ọ́. A ò mọ ìyá ẹnikẹ́ni níbí."

Ojú tì mí, mo ní ká máa lọ. Ìyá mi dúró títí ọkọ̀ fi ṣí. A tún lọ lọ́jọ́ mìíràn, a tún lọ. Fùrá á kan, a ó sì gbé e padà sílé.

Nígbà tó yá, oníṣòwò kan tó ti máa ń wọ̀ sọ́dọ̀ wa bá ọkọ̀ ojúurin dé. Kò jókòó. Ó ní láti ìgbà tí òjò ti dá ni Kàká ti di ẹrù rẹ̀, tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní kí àwọn mú un lọ wọ ọkọ̀, ó ní òun kì í ṣe àpò kánún. Ibẹ̀ ló wà tí ibà fi mú un. Ó ti dolóògbé.

Ìyá mi bi í bóyá ó sọ nǹkan kan kó tó lọ. Ọkùnrin náà ní ó sọ pé kí wọ́n má tú ẹrù òun o, màdúgù ń bọ̀ wá mú òun. Ìyá mi sunkún débi pé bàbá mi jáde kúrò nílé.