Ìwé Tí Misturat Fi Wé Òrí

Ọdún mọ́kànlá ni Misturat fi po òrí kó tó kọ́ ilé yàrá mẹ́rin yẹn ní Ṣakí. Ẹ bá wo ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀, ó ń dán bíi tìyàwó tuntun, àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ ti yi bí awọ bàtà. Òrí ọdún kan ra búlọ́ọ̀kù, tọdún mìíràn ra páànù. Nígbà tó ku àjà, ó ní kí àjà ṣì ní sùúrù. Àjà ń ní sùúrù títí dòní.

Yàrá kan ló fi háyà fún Débọ́lá, ọmọ póli tí kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan làwọn agbófinró fi ọkọ̀ méjì ya wọlé, wọ́n gbé Débọ́lá, wọ́n ní yahoo ló ń ṣe. Ó ṣe é o, kò ṣe é o, kóòtù ò tíì dá a lẹ́bi. Ni wọ́n bá yọ ọ̀dà pupa, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ìjọba ń wádìí ilé yìí. Ògiri tí Misturat ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní funfun nítorí Iléyá! Wọ́n láwọn máa ránṣẹ́ sí i. Oṣù méjì, kò rẹ́nì kankan.

Àfọjọ́ tí Tíṣà Ọ̀jẹ̀túndé, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, wá ra òrí tó fẹ́ fi pa orúnkún. Ìwé ìròyìn àlòkù tí wọ́n ń fi kílò wọ̀n lọ́jà ni Misturat fi wé e fún un. Kò pẹ́ tí bàbá fi padà dé, òrí lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé lọ́wọ́ òsì.

"Ìyá Fàrídà, nọ́ńbà mélòó nilé yín?"

"Mẹ́tàdínlógún. Ṣé ẹ fẹ́ bá mi tún un kùn ni?"

"Ẹ má ṣàwàdà. Ilé yín ló wà níbí. Wọ́n ní kẹ́ni tó ni ín wá sí kóòtù n'Íbàdàn láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kó wá sọ bó ṣe rówó kọ́ ọ. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di tìjọba."

"Ìgbà wo ni wọ́n kọ ọ́?"

Tíṣà fi ìka nu òrí kúrò lójú déètì. "Ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlélógún."

Misturat gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ká a sínú báàgì.

Lọ́jọ́ kejì, ó wà ní ọ́fíìsì àwọn agbófinró yẹn n'Íbàdàn, níwájú ọ̀gá kan tó ń jẹ ẹ̀pà.

"Màdámù, a ti kéde. Ẹ̀yin lẹ ò ka ìwé ìròyìn."

"Èmi lẹ fẹ̀sùn kàn ni?"

"Rárá o. Débọ́lá ni."

"Wọ́n ti wá dá òun lẹ́bi?"

"Ẹjọ́ tiẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ilé la bá ṣẹjọ́ tiwa."

"Ilé! Ilé lẹ́nu tó máa fi rojọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà débi tẹ́ ẹ gbé ọ̀dà wá kọ sí i lára, ẹ ò wá mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà mú lẹ́tà wá?"

Ọ̀gá da èèpo ẹ̀pà nù. Ó ní kó lọ wá lọ́yà, kó bẹ adájọ́ kó tún ẹjọ́ gbọ́, bóyá á gbà. Ló bá na imú sí báàgì Misturat.

"Òrí Ṣakí ni mò ń gbóòórùn yẹn? Ẹ ò fún wa ńbẹ̀ ni, Màmá?"

Misturat yọ agolo, ó ṣí i. Ọkùnrin náà ti tẹ́wọ́. Misturat jókòó, ó bọ́ bàtà, ó fi òrí ra ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó kún fún eruku ọ̀nà, láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka. Ó dé agolo padà.

"Ọ̀nà ọ́fíìsì lọ́yà dà?"