Orí Ń Fọ́ Màmá Díẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì bá wa sọ nílé ìwòsàn ní Ìgbògbò lọ́jọ́ náà pọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ó ní kí n máa lo oògùn lójoojúmọ́, kí n dín iyọ̀ kù, kí n máa fẹsẹ̀ rìn, kí n sì máa tètè sùn. Ìgbà tí a ti ń dìde ló wá fi kún un pé, "Bàbá, ẹ má ronú jù o." Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ni ìyàwó mi gbé délé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, òfin ti wọ ilé wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ohun tí kò dára sí mi létí. Fíríìjì bàjẹ́, wọn ò sọ. Òórùn ẹja ló sọ fún mi. Ọmọ mi obìnrin fìdí rẹmi nínú ìdánwò, wọ́n ní èsì kò tíì jáde, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jó káàkiri àdúgbò. Bí mo bá wọlé, gbogbo wọn á dákẹ́, ìyàwó mi á wá máa rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sí àlejò tí kò mọ̀gbà tó máa lọ.

Onínúfùfù ni mí, n kò ní purọ́. Fèrèsé onígíláàsì ni mò ń ṣe ní Ìtamaga, ariwo ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin ni mo sì ń gbọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ariwo kò dí mi lọ́wọ́ oorun rí. Ìdákẹ́jẹ́ ilé yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Tí wọ́n bá ń fi nǹkan pamọ́ fún èèyàn, ọkàn rẹ̀ á máa wá a kiri, ibi tó burú jù ló sì máa ń kọ́kọ́ yà sí.

Ìyá mi ń gbé lábúlé àwa apẹja, lórí ọ̀sà, lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Etí òkun Oǹdó ni àwọn òbí mi ti ṣí wá síbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Tí ìsìn ọjọ́ Àìkú bá ti parí, Màmá á pè mí, wọn á ròyìn gbogbo abúlé, títí kan ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ fà ya. Láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ mi ti ru, ìpè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. "Gbogbo wa wà dáadáa." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ọjọ́ Àìkú kan kọjá, wọn ò pè. Mo pe fóònù wọn, kò lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́yìn ilé, níbi tí a ti ń fọṣọ. Àbúrò mi tó wà lọ́dọ̀ ìyá wa ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n yín ò gbọdọ̀ gbọ́ o. Tí wọ́n bá pè yín, ẹ kàn ní orí ń fọ́ Màmá díẹ̀."

Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ olóòkú wálé nìyẹn. Nígbà tí bàbá mi kú, "ibà díẹ̀" ni wọ́n sọ fún mi. Kí n tó dé, wọ́n ti tẹ́ òkú sílẹ̀.

N kò bá ìyàwó mi sọ ohunkóhun. Mo wọ ṣòkòtò, mo gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Nínú ọkọ̀, àyà mi ń lù kì kì kì, etí mi ń hó. Ẹ̀rù bà mí pé èmi gan-an lè má dé ọ̀hún láàyè. Mo ń sọ fún ara mi pé kí n má ronú. Ẹni tó bá ti gbìyànjú ẹ̀ rí mọ̀ pé ìrònú ni ìyẹn náà.

Láti etí omi ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ojú omi gbé mi dé abúlé. Kò sí èrò lẹ́nu ọ̀nà wa, kò sẹ́ni tó ń sunkún. Èéfín ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà Màmá, lórí àpótí, tí wọ́n ń yí ẹja padà lórí iná, tí ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún nà síwájú, tí igi àti aṣọ yí i ká. Wọ́n ti yọ̀ ṣubú lórí pákó tí a ń gbà wọlé. Fóònù já sómi, egungun ẹsẹ̀ sán. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Màmá kò sunkún. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ojú mi.

"O ò tíì kú?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ ti kú, Màámi!"

"Ìyàwó rẹ ló ní n kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan fún ọ, pé ọ̀rọ̀ lè pa ọ́. N kò rí oorun sùn láti ìgbà náà. Mo ní ọmọ mi ti ń kú lọ, wọn ò fẹ́ kí n mọ̀ ni."

Àwa méjèèjì wo ara wa, la bá bú sẹ́rìn-ín. Mo jókòó tì wọ́n títí oòrùn fi rọlẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn pé àwọn ò ní lè rìn mọ́. Èmi náà ní ẹ̀rù ń bà mí pé n ó ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. N kò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí mo dìde, ara mi ti fúyẹ́.

Ìbínú ni mo fẹ́ gbé wọlé. Àmọ́ ẹnu géètì ni mo ti bá ìyàwó mi, ó ti wá mi kiri látàárọ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé òun nìkan ló ń ru gbogbo ẹrù tí wọ́n sọ̀ kúrò lórí mi: fíríìjì, ìdánwò, ẹsẹ̀ ìyá mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Ẹ̀jẹ̀ tìẹ náà ńkọ́?" ni mo bi í. Lọ́jọ́ Ajé, àwa méjèèjì la jọ na apá fún nọ́ọ̀sì.

Ní báyìí, mò ń lo oògùn mi, iyọ̀ ọbẹ̀ wa ti dín kù, mo sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ kí n tó délé, kí n lè fẹsẹ̀ rin ìyókù. Tí a bá jẹun alẹ́ tán, kálukú á sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Mo ṣì máa ń pariwo, onínúfùfù kì í di àgùntàn lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ ni mò ń pariwo lé lórí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi pè ní ìrọ̀lẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, orí ń fọ́ Màmá díẹ̀."

Ìyàwó mi gbójú sókè, ó ń wò mí. Mo ní kí àbúrò mi gbé fóònù fún Màmá. Ohùn wọn dé, wọ́n ń kùn pé oòrùn ló pa àwọn. Mo ní kí wọ́n mu omi, kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀. Orí fífọ́ lásán ni. Mo kí wọn pé ó dàárọ̀, mo lọ sùn.