Ìrù Alángbá Ìyá Wa

Alángbá tí wọ́n fi kóló ṣe sápá ìyá wa kò nírù. Nígbà tó wà lọ́mọge ní Lagbé, wọ́n ti fi abẹ ya orí àti ẹsẹ̀ alángbá náà tán, ó ku ìrù, ni ìyá wa bá já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sá wọ oko àgbàdo. Ẹni tí kò bá fara da kóló dé òpin, yẹ̀yẹ́ rẹ̀ kì í tán. Títí ìyá wa fi kú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà, ń bi í pé ìrù dà. Ìyá wa á ní ó wà nínú oko, kó lọ wá a.

Èmi náà ń fín ara fún èèyàn ní Igolo báyìí, abẹ́rẹ́ oníná ni tèmi. Àwòrán tí ọgbọ́n àtọwọ́dá yà ni àwọn oníbàárà ń gbé wá, n kì í janpata. Àfìgbà tí àbúrò mi obìnrin ti Kutọnu dé, tó ní kí n fín alángbá ìyá wa sí òun lápá, tó wá na pọ́tábù, fóònù rẹ̀, sí mi. Fọ́tò àtijọ́ ti ìyá wa ni, omi ti jẹ ẹ́, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá sì ti tún un ṣe. Alángbá náà nírù gbọọrọ. Àpá abẹ hàn lára ìrù ọ̀hún bí ẹni pé wọ́n ya á lóòótọ́.

Mo ní irọ́ ni. Ọmọdé ni àbúrò mi nígbà tí ìyá wa kú. Ó ní bóyá èmi ni mo gbàgbé, pé kóló tí ẹ̀rọ ti wò pọ̀ ju èyí tí mo rí lọ. Inú bí mi. Èwo nínú àwọn tí ẹ̀rọ wò ló sá wọ oko àgbàdo? Mo fín in láìnírù, ó sì fajú ro mọ́ mi títí mo fi parí.

Nígbà tí a ń ṣe sàráà ìrántí ìyá wa, àbúrò mi ti fọ fọ́tò náà ní ńlá, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa sún mọ́ ọn. Ọkàn mi balẹ̀, mo ní ẹlẹ́rìí dé. Màmá àgbà náà wò ó pẹ́, omi bọ́ lójú wọn.

“Ó mà parí ẹ̀,” wọ́n ní. “Mo kàn ń fi àbúrò mi ṣe yẹ̀yẹ́ lásán ni.”

Mo rán wọn létí oko àgbàdo. Wọ́n mi orí, wọ́n ní ogbó ló dé, orí àwọn ló ń dàrú.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo dijú kí n lè rí apá ìyá wa, bí mo ṣe máa ń fi kànìnkàn fọ̀ ọ́ nígbà àìsàn rẹ̀. Mo rí apá náà. Ìrù wà níbẹ̀.