Ihò Kejì Lára Egungun Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá Mi

Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn ará ilé mi a máa sá fún mi. Ẹ̀yin ẹ má sá o! Ẹ fọwọ́ tẹ ibi tó yọ jù lẹ́rẹ̀kẹ́ yín. Ihò kan wà lára egungun níbẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, iṣan tó tín-ín-rín bí òwú sì ń gba inú rẹ̀ yọ wá sí awọ ara. Iṣan yẹn ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ tí eṣinṣin bá bà yín lẹ́rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín àti egungun ojú, ihò kan ṣoṣo ni ìwé wa yà. Mo wá mú egungun gidi lọ́wọ́, mo ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ wá a kiri: eléyìí ní méjì, ìyẹn ní mẹ́ta, òmíràn ò tilẹ̀ ní rárá! Lórí ẹnì kan náà, tọ̀tún lè má bá tòsì mu. Háà! Mo pariwo nínú kíláàsì débi pé wọ́n sọ mí ní Ìyá Awáhò.

Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọ̀kadà gbé Màmá mi ṣubú lójú ọ̀nà Igbogila. Ẹ̀wà àti àgbàdo ló ń tà, ó ń ná ọjà láti Ayétòrò kọjá ẹnubodè, Faransé ọjà sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu; "Sà fá?" ló fi ń béèrè àlàáfíà gbogbo ènìyàn. Wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn wa. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti wọnú, kò lè yanu dáadáa. Iṣẹ́ abẹ ló kù, kí á gbé egungun náà sókè, kí á fi irin pẹlẹbẹ kékeré dè é. Màmá fárígá! Ó mọ obìnrin kan ní Eggua tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kú lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ a máa ṣàn lójú rẹ̀, kò ní mọ̀, àwọn ọmọdé a sì máa fi í ṣẹ̀sín.

"Tí tèmi náà bá máa kú, ẹ jẹ́ kó wọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní n ó wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó gbà.

Ọ̀gá mi obìnrin ló di abẹ mú, èmi ń bá a fa awọ sẹ́yìn. A rí iṣan kan níbi tí ìwé wí. Ọ̀gá nawọ́ sí irin.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká wo ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí i."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Awáhò, ó yá, ká wá a."

Ó rọra ń ṣí ẹran kúrò lára egungun. Yéè! Ihò kejì nìyẹn, iṣan tirẹ̀ ń yọ níbẹ̀, funfun báláú, ibi tí ìṣó irin ì bá gbà wọlé gan-an! Díẹ̀ ló kù kí n fò sókè. A sún irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ò fara kan iṣan méjèèjì.

Síbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wú, kò sì mọ nǹkan kan lára. Ọ̀gá ní ká ní sùúrù, pé iṣan tí a bá fà lè sùn fúngbà díẹ̀. Nígbà tí wíwú náà lọ, mo mú òwú.

"Màmá, ẹ dijú. Tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lára, ẹ sọ fún mi."

Mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò fọhùn. Mo tún fi kàn án. Pàbó. Mo tún un ṣe, omi ti lé ròrò sójú mi.

Ó la ojú kan.

"Sà fá, dókítà? Mo ti mọ̀ ọ́n láti àkọ́kọ́. Mo ní kí ẹ̀rù tó bà mí ba ìwọ náà díẹ̀ ni."