Ọmọbìnrin Tí Kò Ní Àléébù

Ìkìrun ni mo ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ní ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí ọ̀nà Inísà. Àǹtí là ń pe ọ̀gá wa. Ọ̀kan nínú àwa ọmọ iṣẹ́ wá láti Eko Ende. Àtùpà bú mọ́ ọn nígbà tó wà lọ́mọdé. Láti etí títí dé ọrùn ẹ̀, ara ẹ̀ hunjọ bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó. Síkáàfù ló fi máa ń bò ó, ó sì máa ń jókòó kẹ̀yìn sí títì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Eré kan máa ń wá lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà náà, nípa bàbá olówó kan tó ń fìyà jẹ àwọn ọmọ àbúrò ẹ̀ tó ti kú. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀rọ̀ eré yẹn la máa ń sọ. Lọ́sẹ̀ kan, iná lọ, ẹnikẹ́ni ò rí i wò. A ń ṣàròyé ẹ̀ lọ́wọ́ ni ọmọ Eko Ende yìí ní, "Èmi wò ó."

Ó ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá olówó náà, ti òkè òkun dé. Ó ga, awọ ara ẹ̀ ń dán, ó ti di dókítà. Bàbá olówó bú u, kò fèsì. Ó kàn wò ó, ni bàbá náà bá kúnlẹ̀.

Gbogbo wa mọ̀ pé kò síná ní Eko Ende náà, ṣùgbọ́n a fẹ́ gbọ́ ìyókù. Láti ọjọ́ yẹn, ohun yòówù ká wò, yóò fi ọmọbìnrin yìí kún un.

Àǹtí bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé ọmọ yìí kì í bínú ni?"

"Kì í bínú, mà."

"Kì í ṣàìsàn?"

"Rárá, mà. Kò sóhun tó lè ṣe é."

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó gbọ́ ọ. Ìyá aládùúrà kan ní òun ti ń gbàdúrà ọkọ rere fún ọmọbìnrin náà. Àwọn kan ní ká rán irú aṣọ tó máa ń wọ̀ fáwọn. Ni Àǹtí bá ní ká rán ọ̀kan ká gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ó bi ọmọ Eko Ende pé kí ni ìwọ̀n ọmọbìnrin náà. Ó ka àyà, ìbàdí àti gígùn láìronú. Mo wò ó. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n nígbà tí a rán aṣọ Kérésìmesì. Ìwọ̀n tirẹ̀ ni.

Aṣọ aláwọ̀ búlúù náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí atẹ́gùn bá fẹ́, á yíra padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó fẹ́ wo inú ilé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ ra bọ́tìnnì. Nígbà tí mo dé, ọmọ Eko Ende nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ti wọ aṣọ yẹn, ó dúró níwájú dígí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọrùn ẹ̀. Mo pè é lórúkọ. Kò yíjú. Inú dígí ló ti wò mí.

"Ta lò ń wá?"

Ohùn tó fi máa ń sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin inú eré ni.

"Ìwọ ni mò ń pè."

"Ó ti lọ."

Mo jáde, mo jókòó síta títí àwọn yòókù fi dé. Kí wọ́n tó wọlé, ó ti gbé aṣọ náà kọ́ padà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò wá. Èmi àti Àǹtí lọ sí Eko Ende. Bàbá ẹ̀ ní ó ti lọ bá àǹtí ẹ̀ ní Inísà. A dé Inísà, wọ́n ní ó kàn sùn níbẹ̀ ni, ó ti kọjá lọ. Ibi tó lọ, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Àwọn oníbàárà ò béèrè ẹ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ní, "Ọmọ inú eré yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti lọ́kọ?" Mo bẹ ìyá aládùúrà pé kí wọ́n bá wa gbàdúrà fún ọ̀rẹ́ mi.

"Èwo nìyẹn?"

"Ẹni tó máa ń sọ ìtàn fún yín, mà."

"Ẹn-ẹn, èyí tó máa ń kẹ̀yìn síta." Wọn ò mọ orúkọ ẹ̀.

Mo gbìyànjú láti máa bá ìtàn náà lọ, ṣùgbọ́n lẹ́nu mi, ọmọbìnrin náà bínú, ó gbá bàbá olówó létí. Wọ́n ní òun kọ́ nìyẹn. Mo fi ìtàn náà sílẹ̀. Àǹtí sọ aṣọ náà kalẹ̀, ó ká a sínú àpótí.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù, mo lọ́kọ sí Òkukù, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Obìnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, ó pọn ọmọ, ó mú ańkárá dání. Kò wé síkáàfù. Mo ti mọ̀ ọ́n kó tó kí mi.

Nígbà tí a jókòó tán, mo ní, "Kí ló dé tó o fi lọ?"

"Òun ni wọ́n fẹ́ràn. Èmi náà, òun ni mo fẹ́ràn. Tí mo bá wo dígí, òun ni mò ń wá."

"Ọjọ́ tí mo bá ọ pẹ̀lú aṣọ yẹn, ó dẹ́rù bà mí, bó o ṣe dá mi lóhùn."

Ó gbé ańkárá náà lé itan ẹ̀.

"Mo gbọ́ nígbà tó o pè mí," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò dá ọ lóhùn."

Ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ jí, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fún un lọ́mú. Ó béèrè Àǹtí, mo ní wọ́n ti kú. Ó sunkún díẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n, a sì fi àdéhùn sí Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ó wá pẹ̀lú ọmọ ẹ̀, ó wọ aṣọ ańkárá ẹ̀ wò. Ó bá a mu.