Igi Tútù Nídìí Agbada

Èéfín igi àti omi ẹ̀gẹ́ kíkan ni òórùn ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ní Fìdítì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ojú máa ń tì mí pé òórùn yẹn ń bá mi lọ síléèwé nínú aṣọ. Àṣé ibẹ̀ náà ni màá ti kọ́ iṣẹ́ tí mo ti ń gbowó oṣù lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni mò ń kọ́ ní bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, pàápàá jù lọ họ́mọ́ònù, àwọn ońṣẹ́ tí ara ń rán gba inú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún kan, ọmọbìnrin àgbẹ̀ oníṣu kan láti Ìlọrà wà ní kíláàsì mi. Ọmọ náà kì í fi ìwé ṣeré, síbẹ̀ ó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò mi lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún fìdí rẹmi, wọ́n á ní kó fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló máa ń dá a dúró: bí gẹ̀gẹ̀ bá yọ lọ́rùn ènìyàn, tí ibi tó ń ṣe họ́mọ́ònù wú tó báyìí, kí ló dé tí họ́mọ́ònù náà tún fi kéré? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣàlàyé, mo ya ọfà kún gbogbo pátákó. Nígbà tí inú bí mi, mo ní, "Ṣé o tiẹ̀ fẹ́ di dókítà báyìí?" Ìwọ tí o ti dúró níwájú kíláàsì rí, o mọ irú ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu ẹni, téèyàn á sì máa wá bó ṣe máa kó o jẹ padà. N kò sùn dáadáa.

Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ méjì, mo ní kó wá bá mi nílé ní Fìdítì. Ìyá mi ń yan gààrí, àwa méjèèjì jókòó nítòsí, mo tún ń ya ọfà mi. Ni màmá bá ké sí i: "Ìwọ ọmọ yìí, bá mi fi igi síná." Ó dìde. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, igi ti tutù rinrin. Màmá ò wo ìsàlẹ̀, ara àfọ́kù igbá tó fi ń ro gààrí ni ojú rẹ̀ wà. Bí agbada bá ti tutù, á ní, "Fi kún un." Ọmọ á fi kún un. "Fi kún un sí i." Títí ìdí agbada fi kún dẹ́múdẹ́mú, èéfín bo gbogbo wa.

Màmá wá bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Yéè! Igi kúnlẹ̀ báyìí, ooru ò sí!"

Ọmọ náà dúró gbagidi, igi lọ́wọ́, omijé èéfín lójú. Ó kọjú sí mi: "Mà, gẹ̀gẹ̀ nìyí."

"Ta ló ní gẹ̀gẹ̀?" ni màmá wí.

"Ẹ̀yin ni ọ̀gá tó wà lábẹ́ ọpọlọ, Màmá. Ẹ rí i pé ooru, ìyẹn họ́mọ́ònù, kéré, ẹ ń pariwo pé kí n fi kún un. Ààrò ni ibi tó ń ṣe họ́mọ́ònù lọ́rùn. Ó ń wú, àmọ́ igi gbígbẹ ni kò sí, ìyẹn áyódìn inú iyọ̀. Bí ooru bá pọ̀ jù ńkọ́, ṣebí ẹ ó ní kí n yọ igi?"

Mo pa ìwé mi dé.

Lọ́jọ́ ìdánwò àfẹnusọ, ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò kan tí ojú rẹ̀ le koko bi ọmọ náà ní ìbéèrè yẹn gan-an. Ó dáhùn tán, ọkùnrin náà wá yí èdè sí Yorùbá: "Bí ìyá kan lábúlé bá bi ẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń yan gààrí?"

Kó tó dé ibi igi tútù, ọ̀jọ̀gbọ́n ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Gààrí ni ìyá tèmi náà fi rán mi níléèwé," ló wí. Ọmọ náà yege! Mo jó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ lójú gbogbo ènìyàn, ẹ má bi mí léèrè ọjọ́ orí mi.

Ọjọ́ tó di dókítà, ó yà ní Fìdítì kó tó dé Ìlọrà. Ìyá mi ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún. "Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà wa." Màmá wo ojú mi, ó wá bi dókítà tuntun náà pé: "Kí ni mo kọ́ ọ?" Inú mi dùn, ojú sì tì mí díẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí màmá kọ́ èmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pariwo "fi kún un" mọ́ ọmọ yẹn, igi tútù ni mo sì ń kó fún un. Báyìí, bí ọ̀rọ̀ ò bá yé akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo irú igi tí mo kó wá.