Dígí Mẹ́rin Ara Òpó

Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ojú Nàfísátù tó Nàfísátù fúnra rẹ̀. Ọmọ Ìwó ni, Joju ló ń gbé, ilé iṣẹ́ kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà ló sì ti ń di bisikíìtì sí páálí. Àtíkè lè tán lọ́jà, kì í tán lójú ẹ̀.

Ọdún kẹta tí Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, dé, òpó ńlá tó gbé òrùlé ilé iṣẹ́ náà sán. Ẹnjiníà Ṣóbándé kọ̀wé títí kí wọ́n bá òun ra ẹ̀rọ òyìnbó tó ń sọ bí òpó bá ń yẹ̀. Àwọn ọ̀gá ní kó wo ohun tí náírà dà, kó lọ fọgbọ́n ṣe é. Ló bá rántí ọgbọ́n àtijọ́: kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì lẹ gíláàsì mọ́ ojú ibi tó sán. Gíláàsì kì í nà. Bí òpó bá yẹ̀ bíńtín, á fọ́. Gíláàsì náà ti wọ́n. Àfọ́kù dígí ni Ìsmáílà káfíńtà ṣà wá látilé. Ó gé e sí mẹ́rin, ó sì lẹ gbogbo ẹ̀ sí ọ̀gangan ojú èèyàn, torí pé àkàbà ò bá a lára mu.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, àwọn ọmọge ti tò síwájú òpó bí ẹni tó fẹ́ pọnmi ẹ̀rọ. Ta ló wà níwájú? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ṣóbándé wò wọ́n títí, ó kéde pé ẹni tó bá fọ́ dígí máa gbàwé gbélé-ẹ. Lásìkò tí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́tùn-ún lósì, ìyẹn kì í ṣeré. Ẹnu iṣẹ́ Nàfísátù yìí ni ìyá ẹ̀ ti ń jẹun ní Ìwó. Bó bá ti ń wojú, á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé níwájú tíṣà.

Láàárọ̀ Àlàmísì kan, ó rí i pé imú òun ti di méjì. Ó rò pé àtíkè ló pọ̀ jù. Ó nu imú, méjì náà ni. Dígí ti là. Ó lè yọ́ lọ sídìí páálí ẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Àmọ́ abẹ́ òrùlé yẹn náà ló ń jókòó sí, òun àti ogójì èèyàn. Ó lọ pe Ṣóbándé.

Ṣóbándé wo dígí, ó wo àtíkè. "Sisí Dígí, o ti fọ́ ọ."

"Ọ̀gá, tó bá jẹ́ èmi ni mo fọ́ ọ, ṣé èmi náà ni màá tún wá pè yín? Ibi tọ́wọ́ ń dé lẹ lẹ̀ ẹ́ sí, ẹ ò lè mọ̀ bóyá òpó ni tàbí èèyàn. Ẹ lẹ òmíràn sókè, níbi tí òpó ti pàdé òrùlé. Ibẹ̀ leruku ti ń dà sórí síkáàfù mi tí ẹ̀rọ ńlá bá ń ṣiṣẹ́. Tí ìyẹn ò bá fọ́, ẹ fún mi níwèé mi."

Ṣóbándé ní kí gbogbo wọn lọ di bisikíìtì níta ná. Ìsmáílà gun àkàbà wàyí, ó ń kùn bí oyin.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí sìmẹ́ńtì ti gbẹ, wọ́n tan ẹ̀rọ ńlá. Gbogbo èèyàn rọ́ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbójú sókè. Nàfísátù nìkan ló dijú. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n gbọ́ kẹ́ẹ́. Ègé dígí já bọ́, ó balẹ̀ sórí àpótí tí Nàfísátù máa ń jókòó lé. Ṣóbándé fúnra ẹ̀ ló sáré pa ẹ̀rọ. Àwọn ọmọge gbé Nàfísátù sókè, àtíkè ń gbọ̀n dà sí wọn lára.

Nígbà tí wọ́n fi irin gbé òrùlé ró tán, Ṣóbándé ní nígbà tójú Nàfísátù kì í kúrò lára dígí, kó máa yẹ gbogbo dígí òpó náà wò láràárọ̀, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ó ní òun á kó gbogbo wọn lọ sókè. Nàfísátù bẹ̀ ẹ́ kó fi ẹyọ kan sílẹ̀ nísàlẹ̀.

"Kí nìyẹn á máa ṣọ́?"

"Èmi ni, sà."